ÌPAYÀ ÒJIJÌ ÀTI ÀNÍYÀN: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ABẸ́ IGI ÈLÍJÀ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Bíbélì fún kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-8, Fílípì 4:6-7

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan sínú rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ìtàn ìjọ ni n ó kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn ọjọ́ pẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń fi aṣọ funfun bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ìpayà: àyà jíjá, àníyàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ẹ̀rù tí ó ń gbá ènìyàn mú láìsí ẹni tí ó ń lé e. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé ó ti ṣe èmi náà rí.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2017, ní ọjọ́ Ìkórè, wọ́n pè mí kí n wá ka ìṣirò owó níwájú ìjọ. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mo ṣí ìwé, mo ka ìlà méjì, àfi bí àyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bí ẹni ń gún iyán. Òógùn bò mí. Ìka ọwọ́ mi ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Mo ń mí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé èémí kò wọlé. Òòyì ń kọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́kàn mi ni pé ikú dé. Mo na ìwé sí igbákejì mi, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kí wọ́n tó kọ orin mẹ́ta tán, ó ti lọ, bí ẹni pé kò wá rí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Ẹnì kan ní ayé ló ta á sí mi. Òmíràn ní ìgbàgbọ́ mi ti ń rẹ̀yìn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá mo ti ná nínú owó ìjọ ni, pé ẹ̀rí-ọkàn ló ń dà mí láàmú. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, kọ́bọ̀ kan kò dín. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́. Mo gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. N kò jẹun dáadáa, n kò sùn, obì ni mo ń jẹ kí n lè ṣe àìsùn. Kàkà kí ewé àgbọn rẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Ó mú mi nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mú mi lọ́jà. Nígbà tó yá, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì jẹ́ ka ohunkóhun níwájú ènìyàn mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wà bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ni ó sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan: "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." A lọ. Wọ́n yẹ ìfúnpá wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà náà, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, sọ fún mi pé: "Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn yín. Ohun tó ń ṣe yín lórúkọ, ìpayà òjijì ni. Kò níí pa yín." Mo ní, "Dókítà, ṣé wèrè ló fẹ́ yà mí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, sà. Ara yín ló ń ké olè nígbà tí kò sí olè."

OHUN TÍ ÌPAYÀ JẸ́

Ẹlẹ́dàá wa fi ẹ̀ṣọ́ sínú ara wa. Bí ejò bá yọ sí ènìyàn lójú ọ̀nà oko, kí ó tó ronú, ara ti ṣiṣẹ́. Ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀, èémí á yára, òógùn á sì yọ. Òun ló ń jẹ́ kí a lè sá àsálà. Kò burú rárá. Ṣùgbọ́n nínú ìpayà òjijì, ẹ̀ṣọ́ yìí ń pariwo láìsí ejò. Bí a sì ṣe ń mí kíákíá jù, a ń mí afẹ́fẹ́ tí ara ṣì nílò díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù. Ìyẹn ló ń fa òòyì àti èèrà tó ń rìn lọ́wọ́. Ó máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, nítorí pé ara kò lè máa pariwo bẹ́ẹ̀ títí.

Wàhálà kejì ni pé ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹ̀rù náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ibi tó ti mú un lánàá, kò níí fẹ́ débẹ̀ mọ́. Lónìí ọjà ni, lọ́la ọkọ̀ ni, lọ́túnla ṣọ́ọ̀ṣì ni, títí tí yóò fi ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Àníyàn ni ìbátan rẹ̀. Òun kì í ṣubú luni lójijì, ṣùgbọ́n ó lè bá ènìyàn gbé fún oṣù púpọ̀: owó ilé-ìwé, owó ilé, ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Oorun á dá, ọrùn á le, inú á máa dàrú, ìbínú á wà nítòsí. Ó máa ń ṣe obìnrin tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Ó lè rìn nínú ìdílé. Ọ̀fọ̀, ìbímọ, àìsùn, ọtí, kọfí àti obì lè ru ú sókè. Èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn wà nínú obì pẹ̀lú, ó sì ń mú ọkàn lù. Ẹ wá wo èmi tí mo ń fi obì ṣe àìsùn nítorí àyà jíjá!

ABẸ́ IGI ÈLÍJÀ

Ẹ jẹ́ ká wo Èlíjà. Ní orí 18, ó dá dúró níwájú àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì, iná sì bọ́ láti ọ̀run. Ní orí 19, iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ẹnu Jésébẹ́lì ló mú un sá lọ sínú aginjù, tó jókòó lábẹ́ igi, tó sì tọrọ ikú. Ṣé ẹni tí kò nígbàgbọ́ ni? Rárá. Iná tó bọ́ lánàá kò tíì tutù.

Ẹ kíyè sí ohun tí áńgẹ́lì Olúwa ṣe. Kò bá a wí. Kò ní kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀. Kò sọ pé ìyá rẹ̀ ló ń bá a jà. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà gbígbóná àti omi. Ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sọ pé ìrìn náà pọ̀ jù fún un. Lẹ́yìn èyí ni ó tó rin 40 ọjọ́ dé Hórébù láti gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Oúnjẹ, oorun àti ẹnìkejì ló ṣáájú. Iṣẹ́ tuntun ló tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ mi lónìí kò ju èyí lọ: ìpayà kì í ṣe ẹ̀rí àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí àjẹ́. Ẹni tó bá mú, ìtọ́jú ló yẹ ẹ́.

OHUN TÍ ẸNI TÍ Ó Ń ṢE LÈ ṢE

1. Ẹ lọ yẹ ara wò, pàápàá nígbà àkọ́kọ́. Àìsàn ọkàn, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè fara jọ ìpayà. Bí àyà bá ń dunni tí ìrora náà ń gba apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí ènìyàn dákú, ẹ má dúró. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

2. Nígbà tó bá dé, ẹ pè é lórúkọ: "Ìpayà ni èyí, yóò kọjá." Ẹ má bá a jìjàkadì.

3. Ẹ rọra mí. Ẹ mí wọlé nímú, kí ẹ ka 1 dé 4. Ẹ mí jáde lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ ka 1 dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ń fi orúkọ Jésù sí ìgbà tí mo bá ń mí jáde.

4. Bí ewu kò bá sí, ẹ má sá kúrò níbẹ̀. Ẹ dúró títí yóò fi rọlẹ̀. Ibi tí ẹ bá sì ti ń sá fún, ẹ padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

5. Ẹ sùn, ẹ jẹun lásìkò, ẹ máa rìn, ẹ dín obì àti kọfí kù. Ẹni tí èyí ń ṣe, kí ó sọ fún àwọn àgbà ìjọ kí ó tó gba ààwẹ̀ gígùn.

6. Ẹ má dá oògùn oorun rà ní kẹ́míìsì; ara tètè máa ń di ẹrú rẹ̀. Èyí tí dókítà bá fún yín lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má dá a dúró lójijì láìsọ fún un. Ìtọ́jú kan tún wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lásán, tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe dojú kọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ó ń ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ ÌJỌ LÈ ṢE

Mo mọ̀ pé nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, àwọn kan wà tí wọn kì í lo oògùn. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni Lúùkù, ó sì bá Pọ́ọ̀lù rìn. Ní ọdún 1918, nígbà tí infulẹ́ńsà ń pa ènìyàn, àwọn bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti gbàdúrà. Wọn kò jẹ́ kí ẹnì kan dá bẹ̀rù. Ìyẹn ni gbòǹgbò wa.

Bákan náà ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ṣe ní Aró, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954. Ó jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn dàrú máa gbé láàrin àwọn ará abúlé ìtòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó rí i pé ara tètè máa ń yá láàrin ènìyàn ju inú àhámọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin wòlíì àti aríran wa, mo dọ̀bálẹ̀. Bí arábìnrin kan bá ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ ń já, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìran kéde rẹ̀ níwájú ìjọ. Ẹ mú un jókòó, ẹ fún un lómi, kí ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ gbàdúrà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ bíi ti Èlíjà pé ikú yá jù, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní Ìkórè ọdún 2018, mo tún ka ìṣirò owó. Àyà mi lù. Mo dúró, mo mí, mo ń ka á lọ. Ìyàwó mi wà lórí ìjókòó iwájú, ó ń wò mí. Mo kà á dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ FÚN Ẹ̀KỌ́ BÍBÉLÌ

1. Kí ni áńgẹ́lì náà ṣe fún Èlíjà kí ó tó rán an níṣẹ́?
2. Ta ni ó ń jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn nínú ìjọ yín, ṣé ẹ ti béèrè ìdí?
3. Kí ni ẹ lè ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Kí Ọlọ́run àlàáfíà pa ọkàn àti èrò wa mọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láàrin wa, kí Olúwa rán ẹni tí yóò jókòó tì í lábẹ́ igi. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
AKỌ̀WÉ ÌJỌ