WÁYÀ TÍ Ń FA INÁ MỌ́TÒ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ONÍMỌ́TÒ

Ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Láti ìgbà náà ni kòkó àti ọjà oríṣiríṣi ti ń gba ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá sí ìlú náà, títí mọ́tò fi gba iṣẹ́ ẹrù lọ́wọ́ àwọn alárù. Lónìí, kò sí òwúrọ̀ kan tí ọkọ̀ kì í ti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, tàbí kí ó ti Iléṣà gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ti dàgbà, wọ́n sì ní wáyà kan tí kò nípọn ju igi ìgbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ rọ̀ mọ́. Òun ni àwọn atọ́kọ̀ṣe ń pè ní tọ́rótù kébù. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé bí onímọ́tò ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì tún un ṣe ní àgbàlá ilé rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ WÁYÀ NÁÀ Ń ṢE

Nígbà tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìtẹná, irin náà a fa wáyà tí ó wà nínú rọ́bà kan títí dé ara ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀ ni àwo irin pẹlẹbẹ kan wà, ní ọ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àwo yìí dà bí ilẹ̀kùn. Bí wáyà bá fà á, a ṣí. Afẹ́fẹ́ a wọlé, epo a tẹ̀ lé e, ọkọ̀ a sì sáré. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríǹgì a ti ilẹ̀kùn náà padà.

Nínú Volkswagen tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, wáyà náà gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Nínú Toyota Corolla àwọn ọdún 1990, iwájú ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní wáyà yìí mọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn tiwọn, kò sì sí ohun tí onímọ́tò lè fi sípánà tún ṣe níbẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ Ó WÀ NÍ ÌWỌ̀N

Gbogbo onílù ni ó mọ̀ pé bí ọṣán dùndún bá dẹ̀ jù, ohùn rẹ̀ a kú. Bí a bá sì fún un jù, awọ lè ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà yìí. Bí ó bá dẹ̀ jù, awakọ̀ a tẹ irin ìtẹná dé ilẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kò ní ṣí tán. Ọkọ̀ tí ó kún fún èrò a máa mí hẹlẹ lórí òkè. Bí ó bá le jù, ilẹ̀kùn kì í tì tán. Ẹ́ńjìnnì a máa pariwo nígbà tí ọkọ̀ dúró, epo a sì máa ṣòfò. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní ọdún 2023, kò sí onímọ́tò tí kò mọ ìrora òfò bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí wáyà há: awakọ̀ gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dẹwọ́ eré.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

1. Kí onímọ́tò gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó fa ìjánu ọwọ́, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì dúró kí ó tutù.

2. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ irin ìtẹná kúrò. Nígbà mìíràn, kápẹ́ẹ̀tì ni ó ń há irin náà, kì í ṣe wáyà.

3. Kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì yẹ wáyà wò láti òkè dé ilẹ̀. Bí fọ́nrán kan lára rẹ̀ bá ti já, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, kí ó má ṣe tún un fà mọ́. Tuntun ni kí ó rà.

4. Kí ó fi ìka tẹ wáyà. Ó yẹ kí ó dẹ̀ díẹ̀. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni ó ń sọ ìwọ̀n rẹ̀; nínú ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́, mìlímítà 10 sí 12 ni ìka lè tẹ̀ ẹ́ mọ.

5. Níbi tí rọ́bà wáyà ti pin, nọ́ọ̀tì méjì ni ó sábà máa ń dì í mú. Kí ó fi sípánà tú ọ̀kan, kí ó yí èkejì díẹ̀díẹ̀ títí wáyà yóò fi wà ní ìwọ̀n, kí ó sì dì wọ́n le padà.

6. Kí ẹnì kejì tẹ irin ìtẹná dé ilẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní pípa. Onímọ́tò yóò wò ó bóyá apá irin tí wáyà so mọ́ yí dé òpin. Bí ẹni náà bá gbé ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà kíákíá láìfì síbì kan. Kí wọ́n ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

7. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó ṣí ẹ́ńjìnnì, kí jíà wà ní fíríì. Bí ẹ́ńjìnnì bá pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wáyà ti le jù. Kí ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Àwọn kan a máa fi okùn tàbí wáyà mìíràn so èyí tí ó já, nítorí pé èrò ti kún inú ọkọ̀, ọjà sì ń ṣú lọ. Ewu ńlá ni èyí, nítorí pé ojú ibi tí a so lè há nínú rọ́bà nígbàkúùgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ kan tí ń pààrọ̀ jíà fúnra wọn ní wáyà kejì tí ó lọ sí inú àpótí jíà. Kí onímọ́tò fi ìyẹn sílẹ̀ fún atọ́kọ̀ṣe.

BÍ WÁYÀ BÁ HÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Kí awakọ̀ má ṣe páyà. Kí ó ti jíà sí fíríì, kí ó tẹ ìjánu gírígírí láìdẹwọ́, kí ó sì darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ni kí ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, nítorí pé sítíárìn lè há mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì yóò ké gidigidi ní fíríì, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ó ké. Ẹ́ńjìnnì tí ó bàjẹ́ ṣeé rà ní ọjà. Ẹ̀mí ènìyàn kò ṣeé rà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ÒǸKÀWÉ

(i) Kí ni ó ń ti ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ padà nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀?
(ii) Kí ni àmì pé wáyà ti le jù?
(iii) Èé ṣe tí a kò gbọ́dọ̀ so wáyà tí ó já?