Ojú Tó Fọ́ Tí Olójú Kò Mọ̀

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí a lè mọ bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe lè mú ìríran lọ láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀, àti bí a ó ṣe ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́SỌ
Nígbà kan, a lọ kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí arábìnrin kan na ẹ̀bùn sí i láti ọwọ́ òsì, kò gbà á, kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ìdajì àwo, ó ní òun ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn kan nínú wa bínú lọ sílé pé ó ń gbéra ga. A bi í nípa ojú rẹ̀, ó ní ó mọ́ kedere. Kò purọ́ fún wa. Lọ́sẹ̀ kejì ni ó kọlu ìkòkò omi gbígbóná tí ó wà lápá òsì rẹ̀, omi náà sì bó o lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà ni dókítà tó là wá lóye.

1. ÌPÀKỌ́ NÁÀ Ń RÍRAN
Ẹyinjú ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọpọlọ, níhà ìpàkọ́, ni a ti ń mọ ohun tí a rí. Apá ọ̀tún ọpọlọ ni ó ń bójú tó ohun tí ó wà lápá òsì wa, apá òsì ọpọlọ sì ń bójú tó ti ọ̀tún. Bí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ bá dí tàbí tí ó bẹ́, ìdajì ohun tí ó wà níwájú ẹni lè pòórá fún ojú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹyinjú kò ní àbùkù kankan.

2. ÈÉ ṢE TÍ KÒ FI MỌ̀?
Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni a ń rí lẹ́yìn orí wa nísinsìnyí? Kì í ṣe òkùnkùn. A kò rí nǹkan kan níbẹ̀, a kò sì mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún aláìsàn yìí. Ọpọlọ tí ìbá sọ fún un pé nǹkan sọnù ni àrùn náà bà jẹ́.

Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí apá méjèèjì bàjẹ́. Aláìsàn náà yóò fọ́jú pátápátá, síbẹ̀ yóò ní òun ń ríran. Bí a bá bi í pé àwọ̀ wo ni aṣọ wa, yóò dárúkọ ọ̀kan. Bí ó bá forí sọ ògiri, yóò ní ilé ni ó ṣókùnkùn. Dókítà Gabriel Anton, ará Austria, kọ̀wé nípa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní 1899, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 65 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa Harpaste, obìnrin kan nínú agbo ilé rẹ̀, tí ojú rẹ̀ fọ́ lójijì. Obìnrin náà kò mọ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá pé kí wọ́n mú òun kúrò nínú ilé tí ó ṣókùnkùn.

3. OHUN TÍ A LÈ ṢE
(a) Kí a má ṣe bá a jiyàn, kí a má sì pè é ní òpùrọ́ tàbí agbéraga.
(b) Kí a dúró níwájú rẹ̀, kí ó máa wo imú wa, kí a gbé ìka sókè lọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà lósì. Bí kò bá rí apá kan, kí a sọ fún dókítà.
(d) Kí a sọ̀rọ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Kí a gbé omi àti oògùn sí apá tí ó ń rí.
(e) Kí a máa rán an létí láti yí orí sí apá tí kò rí, àti láti yí àwo oúnjẹ po. Bí ó bá fẹ́ kàwé, kí a fa ìlà pupa sí etí ojú ìwé tí kì í rí.
(ẹ) Kí ó má ṣe dá sọdá títì, kí ó má ṣe wakọ̀, kí ó má sì dá dáná.

Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ṣú lójijì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí gbogbo wa sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò: bí ó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a lọ rí dókítà.

ÌPARÍ
Àwọn tí wọ́n bínú nínú wa padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni a ń jókòó sí báyìí. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ ojú fún ara wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìgbéraga àti àìríran?
2. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí ó yẹ kí a tún lọ bẹ̀ wò?
3. Ìgbà wo ni a yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tiwa wò kẹ́yìn?