Bí Script Bá Ṣiṣẹ́ Lọ́dọ̀ Yín Tó sì Kọ̀ Lórí Sáfà

Script tí ẹ fi ń kọ́ sọ́fítíwià yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ó ti dé orí sáfà báyìí, ó figbe ta: `[[: not found`. Ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù yín. Ẹ kọ́kọ́ wádìí shell tó ń kà á. Ẹ tẹ `ls -l /bin/sh`. Lórí Ubuntu, dash ló wà nídìí orúkọ yẹn láti ẹ̀yà 6.10 ti ọdún 2006, kì í ṣe bash. BusyBox ni ti Alpine. Make àti ìlà `RUN` inú Dockerfile náà, `/bin/sh` ni wọ́n ń lò àfi tí ẹ bá yí i padà. Bí ẹ bá sì tẹ `sh build.sh`, asán ni `#!/bin/bash` tí ẹ kọ sókè rẹ̀. Sh ni yóò kà á.

Àṣìṣe tó bá pariwo kò le. Ẹ fi `[ ]` rọ́pò `[[ ]]`, `=` rọ́pò `==`, `.` rọ́pò `source`, kí ẹ sì lo `printf` dípò `echo -e`.

Èyí tó dákẹ́ ló yẹ ká bẹ̀rù. Ẹ wo ìlà yìí:

`if command -v gcc &> /dev/null; then`

Lójú bash, `&>` ń palẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àṣẹ náà bá sọ mọ́. Dash kò mọ̀ ọ́n, ńṣe ló pín in sí méjì. Ó rí `&`, ó ní kí àṣẹ náà máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀, kò dúró gbọ́ èsì rẹ̀; lẹ́yìn náà ó kàn ṣí `/dev/null` lásán. Ṣíṣí yẹn kì í kùnà, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn nígbà gbogbo, ì báà má sí gcc níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ á máa lọ, á wá dojú dé níwájú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fura sí ìlà yìí. Ẹ kọ `> /dev/null 2>&1`; bash àti dash jọ gbọ́ ọ.

`dash -n` kò lè bá yín mú irú èyí, gírámà nìkan ló ń yẹ̀ wò. `shellcheck -s sh build.sh` ni kí ẹ lò.

Bí ẹ kò bá lè ṣe láìsí array, tí dash kò ní, ẹ dúró ti bash: ẹ kọ `SHELL := /bin/bash` sínú Makefile, kí ẹ sì rí i pé bash wà níbi tí iṣẹ́ náà ń lọ, nítorí Alpine kì í gbé e wá fúnra rẹ̀.