Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran: Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Lọ sí Kúbà

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ tí yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí erékùṣù Kúbà fún ọ̀sẹ̀ kan, òwe yìí ni n óò kọ́kọ́ kọ sí ojú pátákó kí n tó mẹ́nu ba owó bàálù. Ọ̀sẹ̀ kan kéré. Ọjọ́ tí wọn yóò dé àti ọjọ́ tí wọn yóò padà ti bá wàhálà ọ̀nà lọ. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù tí wọn yóò fi wo ìlú tí èdè rẹ̀ kì í ṣe èdè wọn, tí ètò ìjọba rẹ̀ kò sì jọ èyí tí wọ́n mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń fi ọjọ́ márùn-ún yẹn ya fọ́tò mọ́tò àtijọ́, tí wọ́n á jó díẹ̀, tí wọ́n á wẹ̀ nínú òkun, tí wọ́n á sì padà wá sọ pé àwọn ti mọ Kúbà. Wọn kò mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí wọ́n má lọ. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Fún ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba, oko Kúbà tilẹ̀ ju oko ẹlòmíràn lọ, nítorí àwọn ará ilé wa wà lára àwọn tí wọ́n fi tipátipá ro ó. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti dìde ní ọdún 1791, tí oko ìrèké ibẹ̀ sì dàrú, Kúbà ló gba ipò rẹ̀ nínú òwò ṣúgà. Bí oko ìrèké ṣe ń pọ̀ sí i yí Havana àti Matanzas ká ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú lọ́hùn-ún, tí Òwu fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí etí òkun. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀. Ọdún 1886 ni ìsinrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn àgbàlagbà kan wà ní Kúbà lónìí tí òbí ìyá wọn àgbà fojú rí i.

Ẹní bá lé eku méjì á pòfo. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ olùkọ́ tó bá ń ṣètò ìrìn àjò náà pé kó mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kí gbogbo ibi tí ẹgbẹ́ bá dé máa fi kún ìdáhùn rẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ mọ̀ nípa ètò ìlera, àwọn mìíràn nípa àwọn ilé àtijọ́ Havana. Ní tèmi, ìbéèrè tí n óò mú ni pé: báwo ni ẹni tí kò ní ara rẹ̀ ṣe pa òrìṣà rẹ̀ mọ́? Ìbéèrè yìí ní ẹsẹ̀, ó ṣeé bá rìn láti àdúgbò dé àdúgbò. Yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo, níbi tí ìjọba Sípéènì ti gba àwọn ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà láàyè láti máa kóra jọ bí ìlú kálukú wọn ṣe rí, tí wọ́n sì ń jáde pẹ̀lú ìlù àti ẹ̀kú ní gbogbo ọjọ́ 6 oṣù kìíní. Lábẹ́ àsíá ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti ń bọ ohun tí wọ́n mọ̀ láti ilé. Báyìí ni Ṣàngó ṣe di ẹni tí wọ́n ń rántí ní ọjọ́ Santa Bárbara, 4 oṣù kejìlá, tí Ọbalúayé sì ń gba ìkíni ní ọjọ́ San Lázaro, 17 oṣù kan náà.

Ibi méjì tó fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Havana, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ẹ lọ sí Casa de África ní òpópónà Obrapía, níbi tí díẹ̀ lára ohun tí Fernando Ortiz kó jọ wà, ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa àwọn aláwọ̀ dúdú Kúbà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń kó èrò kọjá sí Regla ní òdì kejì omi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí omi, ère Màríà Wúńdíá aláwọ̀ dúdú ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án sì ni ọdún rẹ̀. Ẹlòmíràn á kí Wúńdíá tán, á bọ́ sí etí omi láti kí Yemọja, kò sì ní rí ohunkóhun tó takora nínú rẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì láìya fọ́tò. Mo gbà pé wákàtí méjì yẹn yóò wúlò ju mùsíọ́mù mẹ́ta lọ.

Ibi kejì ni Matanzas, tó wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Havana, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti sùn, kí ẹ má ṣe wọ bọ́ọ̀sì dé ní àárọ̀ kí ẹ padà ní ìrọ̀lẹ́. Ilé olódi San Severino tí àwọn Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1693 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú. Ní ìgbèríko ibẹ̀ ni oko ìrèké Triunvirato wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde níbẹ̀, obìnrin Lukumí kan tí wọ́n ń pè ní Carlota sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n pa á. Nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Angola ní ọdún 1975, orúkọ Carlota ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ ogun náà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti gbọ́ orúkọ obìnrin yìí rí? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dúró lórí ilẹ̀ Triunvirato, tó sì mọ ìdí tó fi dúró síbẹ̀, owó bàálù rẹ̀ kò ṣòfò.

Varadero, tí yanrìn rẹ̀ funfun, kò jìnnà sí Matanzas. Ẹ fò ó. Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ àkókò, òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò gba ìgbafẹ́ lásán ní Kúbà láàyè fún ẹni tó ń gbé abẹ́ òfin rẹ̀. Lórí ẹ̀kọ́ ni àṣẹ ìrìn àjò yín yóò dúró, ẹ̀kọ́ ló sì gbọ́dọ̀ kún ọjọ́ yín. Ẹ tọ́jú ètò ojoojúmọ́ àti rìsíìtì yín dáadáa, nítorí ìjọba Amẹ́ríkà lè bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Oṣù mẹ́ta kí ẹ tó gbéra ni ẹ̀kọ́ yín yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní ọdún 1954, ìwé tí ohùn àwọn àgbà Lukumí kún inú rẹ̀. Ẹ kọ́ èdè Sípáníìṣì débi tí ẹ ó fi lè kí ènìyàn, tí ẹ ó fi lè dúpẹ́, tí ẹ ó fi lè sọ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbéèrè rẹ̀ kò bá tíì dúró nílẹ̀ kó tó wọ bàálù, kò ní í rí i ní Havana.

Kí ojú má ríbi, gbogbo ara ni oògùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ohùn líle sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà nìyí, ẹ̀yin òbí náà ẹ tẹ́tí. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà yí òfin rẹ̀ padà: ọ̀pọ̀ jù lọ físà tó ń fún ọmọ Nàìjíríà nígbà náà kò ṣeé fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, oṣù mẹ́ta péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti fi tirẹ̀ wọlé lè máa kàwé lọ láìséwu, ṣùgbọ́n bó bá jáde, ó di dandan kó tún gba físà kó tó lè padà, ó sì ṣeé ṣe kó má rí i gbà. Òfin kan wà tó gba akẹ́kọ̀ọ́ tí físà rẹ̀ ti parí láàyè láti lọ sí Kánádà, Mẹ́síkò tàbí àwọn erékùṣù tó wà nítòsí fún ọjọ́ tí kò ju 30 lọ, kó sì fi ìwé I-20 tí ilé ìwé rẹ̀ fún un àti ìwé ìwọlé I-94 rẹ̀ padà wọlé. Òfin náà yọ Kúbà sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tó bá tẹ̀lé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí Havana lè wo bàálù tí yóò gbé wọn padà kó máà lè wọ̀ ọ́, kí ọdún ìwé kan sì bá a lọ. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní ilé ìwé rẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀ kan. Bí wọ́n bá ní kó má lọ, kó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu; Kúbà kò ní sá lọ.

Ọmọ wa tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2021 kò lè fi ESTA, àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ gba físà gidi. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ ṣègbéyàwó ní Houston lẹ́yìn ìrìn àjò náà, kó rò ó dáadáa.

Àwọn ohun tó kù kò le. Ẹ ra ìṣedúró ìlera tí Kúbà ń bèèrè, ẹ kún fọ́ọ̀mù D'Viajeros lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ gbéra. Káàdì báńkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó lọ́wọ́ ni ẹ ó kó dání, kí olùkọ́ sì ní àfikún fún àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ gbé oògùn yín, ìpara ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì àti power bank. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, iná mànàmáná lọ ní gbogbo erékùṣù náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ọmọ tó dàgbà ní Ìbàdàn yóò mọ bí a ṣe ń ṣe é, kó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹra fún ìgbà ìjì líle, láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá, bó bá ṣeé ṣe.

Abèèrè kì í ṣìnà, pàápàá nínú ilé òrìṣà. Ẹ bèèrè kí ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyàwó òrìṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí yóò sì wà nínú funfun fún ọdún kan gbáko; ẹ má nawọ́ bọ̀ ọ́, ẹ má sì ya á ní fọ́tò. Ìlù bàtá tí Àyàn, òrìṣà ìlù, wà nínú rẹ̀, ìyá, ìtótele àti okónkolo, kì í ṣe ohun tí àlejò ń fọwọ́ kàn, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti fi ṣe ọmọ Àyàn nìkan ló ń lù ú. Ẹ ó rí arúgbó tó ń wólẹ̀ kí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ènìyàn wọ òrìṣà ni wọ́n fi ń mọ àgbà níbẹ̀, a kì í fi ọjọ́ ìbí mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òun lè mú un wọ òrìṣà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ó dúpẹ́, kó má sì san nǹkan kan. Ohun tó ń di ọmọ ènìyàn mú títí ayé kì í ṣe ohun tí a ń rà láàárín bàálù méjì.

Ìmọ̀ràn kan wà tó jẹ́ ti ọmọ Yorùbá nìkan. Ẹ ó gbọ́ orin tí ẹ mọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á ti yí, ẹ̀yin náà á sì fẹ́ tún un ṣe. Ẹ má tún un ṣe o. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ níbẹ̀ kò ní ìwé, wọn kò ní ìsinmi, pàṣán sì wà lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n pa mọ́, ọ̀pọ̀ wa tí a wà nílé ti sọ ọ́ nù tàbí kí a tilẹ̀ máa bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, ṣe àbẹ̀wò sí Kúbà ní ọdún 1987, wọ́n gbà á bí ẹbí ṣe ń gba ẹbí. Irú ìwà ẹbí bẹ́ẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wa hù: kó jókòó, kó gbọ́, kó bèèrè orúkọ àwọn tó kọ́ wọn ní orin náà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má fi ìbéèrè ìṣèlú há ẹni tó gbà yín lálejò mọ́ kọ̀rọ̀, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ̀yin yóò lọ, òun yóò kù. Bó bá fúnra rẹ̀ sọ nǹkan, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ pa orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi í sínú ètò yín láti ìbẹ̀rẹ̀: láàárín oṣù kan tí ẹ bá padà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ rẹ̀ parí, kí ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Sípáníìṣì, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó gbà yín lálejò ní Regla àti Matanzas, pẹ̀lú fọ́tò tí wọ́n gbà kí ẹ yà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ohun tí ẹ kọ tọ̀nà.