Ọba Koko àti Kọ́ḿpìnì Odò Ọya

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá bèèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Akassa, ní ẹnu Odò Ọya, ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1895, ìdáhùn tí a sábà ń gbọ́ ni pé àwọn ará Nembe, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Brass, dìde sí àwọn oníṣòwò, wọ́n sì pa wọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ilẹ̀ irà ni ilẹ̀ Nembe, oko kò sì ṣe é dá níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lọ sí òkè odò láti ra epo pupa, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn òyìnbó etí òkun. Nínú èrè rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ. Ní 1886 Ọba Obìnrin Victoria fi ìwé àṣẹ fún Royal Niger Company, tí Goldie wà nídìí rẹ̀, láti máa ṣe àkóso lórí odò náà. A kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé Kọ́ḿpìnì kò gbọdọ̀ gba òwò ṣe fún ara rẹ̀ nìkan.

Báwo ni wọ́n ṣe yí ọ̀rọ̀ yìí po? Níhìn-ín ni kí a dúró sí díẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ará Nembe má ṣòwò. Ṣùgbọ́n Nembe wà lábẹ́ ìjọba mìíràn, ti etí òkun, nítorí náà Kọ́ḿpìnì kà wọ́n sí àlejò lórí odò tí àwọn baba wọn ti ń ná ọjà. Àlejò ní láti san £50 lọ́dún fún ìwé àṣẹ, £10 fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, àti £100 bí ó bá fẹ́ ta ọtí, kí ó tó wá san owó ibodè lórí ẹrù. Ọlọ́kọ̀ wo ni yóò rí i san? Ẹni tí ó bá sì gba ẹ̀bùrú, wọn a gba ẹrù rẹ̀. Ebi wọ ìlú.

Koko fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ kí ó tó jọba ní 1889 (iṣẹ́ tiwa gan-an!), ní ilẹ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní 1868. Kì í ṣe ẹni tí kò lè rojọ́ ara rẹ̀. Wọ́n rojọ́ títí. Nígbà tí a kò gbọ́, àwọn ọkùnrin tí ó ju 1,000 lọ wọ ọkọ̀ ogun, wọ́n sì kọlu Akassa ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n ba ilé ẹrù jẹ́, wọ́n pa nínú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó. A kò ní bo èyí mọ́lẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ ni ó ṣe òfin náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì Koko kọ̀wé sí MacDonald, aṣojú ìjọba, pé òun kò bá Ọba Obìnrin jà, Kọ́ḿpìnì ni òun ń bá jà.

Nínú oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun òyìnbó sun ìlú Nembe. Lẹ́yìn èyí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán Sir John Kirk wá láti wádìí ọ̀ràn náà. Ó rí i pé lóòótọ́ ni òfin Kọ́ḿpìnì dí ọ̀nà òwò mọ́ àwọn ará Nembe. Ṣùgbọ́n Koko kò padà sórí oyè; níbi tí ó sá sí ni ó kú sí ní 1898. Ní òpin 1899 ni a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Kọ́ḿpìnì, ìjọba sì san £865,000 fún un.