Ọ̀rọ̀ Rere Ní í Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti ní àwọn ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ wọn, ìdáwó àánú kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dọọdún, kó tó di 15 oṣù Kìn-ín-ní tí Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti lọ, báàjì ìrántí a máa dé ilé iṣẹ́ ìjọba. Bí àìsàn bá dá ẹlẹgbẹ́ ẹni gúnlẹ̀, wọ́n á tún dáwó. Nígbà tí irú ìdáwó bẹ́ẹ̀ bá wá di ìkùnsínú, àwọn kan á ní ahun ni àwọn òṣìṣẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn tó ń ṣètò a máa pariwo nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbowó, wọn a sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n jíhìn.

Ẹ wo irú ìwé tí wọ́n sábà ń lẹ̀ mọ́ pátákó: "A ń fi tó gbogbo òṣìṣẹ́ létí pé a ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà nínú owó oṣù yín fún ètò ìrànwọ́." Ta ni a fẹ́ ràn lọ́wọ́? Èló là ń wá? Ọwọ́ ta ni owó yóò wà? Ìwé náà kò sọ. Òṣìṣẹ́ Èkìtì kò sì tíì gbàgbé àwọn oṣù tí owó oṣù kò wọlé ṣáájú 2018. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ rí ìyọkúrò lórí ìwé owó oṣù rẹ̀ kó tó gbọ́ ìdí rẹ̀, kò jẹ̀bi bó bá fura. Abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà béèrè ìfọwọ́sí òṣìṣẹ́ fún irú ìyọkúrò yìí, ó sì ní gbogbo ohun tí a bá yọ lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ipò òṣìṣẹ́ ìjọba ni òfin náà kàn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ yẹ gbogbo wa. Ìwé tó dára á kà báyìí: "Ilé ìwòsàn wa nílò bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí méjì. Iye wọn nìyí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àti nọ́ọ̀sì àgbà ni yóò tọ́jú owó. Ẹni tó bá fẹ́, kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó kọ iye tó wù ú. Ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù, a ó lẹ rìsíìtì mọ́ ibí yìí."

Ẹnìkan á ní bí ọ̀gá kò bá pàṣẹ, kò sẹ́ni tí yóò dáwó. Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Ní 1961 ni ètò ìdáwó àánú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Combined Federal Campaign, bẹ̀rẹ̀. Òfin ètò náà kò gbà kí ọ̀gá máa wádìí bóyá ọmọ abẹ́ rẹ̀ ti dáwó. Kò gbà kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò dá sílẹ̀. Kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ènìyàn dá. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ti rí kó ti ju bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lọ. Nítorí náà, kí ọ̀gá dá tirẹ̀, kó sì gbẹ́nu dákẹ́. Ẹlẹgbẹ́ ni kó bá ẹlẹgbẹ́ sọ̀rọ̀: ẹnìkan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn aṣojú NULGE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti NUT, ẹgbẹ́ olùkọ́.

Ṣé ìkéde lórí WhatsApp kò wá tó ni? Kò tó. Ìkéde á já sáàárín àdúrà òwúrọ̀ àti ìkéde òkú, kó tó di ọ̀sán kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Olùkọ́ tó wà ní Òkè-Mẹ̀sí tàbí Ìkọ́gòsì kì í sì í rí pátákó tó wà ní Arámọkọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà: ìpàdé àwọn olùkọ́ àgbà ni kí wọ́n ti sọ ọ́, kí olùkọ́ àgbà sì kà á sétí àwọn olùkọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, láìfi tirẹ̀ kún un.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àìní. Láti 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di 70,000 náírà, ọjà sì ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni, ìdí sì nìyí tí iye kan náà fún gbogbo ènìyàn kò fi dára. Ẹni tó lè mú igba náírà wá, kí wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹni tí kò lówó ṣùgbọ́n tó ní ọkọ̀, kó bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ìjíhìn, níbi tí ọ̀pọ̀ ètò ń kú sí. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Kí wọ́n tó tún béèrè kọ́bọ̀, kí wọ́n ti lẹ rìsíìtì àti àwòrán bẹ́ẹ̀dì náà síbi tí ìkéde àkọ́kọ́ wà, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé tó dáwó. Bí owó kò bá tó méjì, kí wọ́n sọ pé ọ̀kan ni àwọn rí rà, kí wọ́n kọ iye tó ṣẹ́kù, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dáwó bóyá kí àwọn wá owó kún un láti ra èkejì ni tàbí kí àwọn fi ra oògùn.