Ẹja Jẹ Májèlé, Ẹyẹ Jẹ Ẹja

Adágún pọ̀ lọ jàra ní agbègbè òkè Adirondack, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Omi wọn mọ́ gaara débi pé ó lè wu ènìyàn láti bù mu. Ibẹ̀ ni ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní loon ti ń pamọ nígbà ooru. Orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pupa fòò, ẹja sì ni oúnjẹ rẹ̀.

Ibo wá ni májèlé ti wọ irú omi báyìí? Láti òkè ni. Èédú tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀ ní díẹ̀ nínú májèlé tí wọ́n ń pè ní mẹ́kúrì. Bí ilé iṣẹ́ amúnáwá bá ti sun ún, mẹ́kúrì á bá èéfín gòkè, atẹ́gùn á gbé e rìn jìnnà, òjò á sì gbá a sílẹ̀ sínú adágún àti àbàtà. Loon kò tan iná mànàmáná rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó ń san owó rẹ̀.

Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, àwọn bakitéríà á sọ mẹ́kúrì yìí di irú mìíràn tó ń tètè wọ ara, tí kì í sì í tètè jáde. Ewé omi tín-ín-tín á gbà á sára, kòkòrò á jẹ ewé, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ kékeré. Ó dà bí èsúsú tó jẹ́ pé àwọn kékeré ló ń dá a, ẹni òkè nìkan ló ń kó o. Lára ẹja ńlá, ó lè ju ti inú omi lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan.

Má rò pé loon tó ń jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ yóò kàn ṣubú lulẹ̀ kó kú. Ọpọlọ ni mẹ́kúrì ń bá jà. Takọtabo loon ló máa ń gbara wọn lórí ẹyin, fún nǹkan bí oṣù kan. Èyí tí mẹ́kúrì pọ̀ lára rẹ̀ kì í sábà jókòó pẹ́. Á fi ẹyin sílẹ̀, ẹyin á tutù. Láti mọ iye mẹ́kúrì tó wà lára wọn, àwọn olùṣèwádìí máa ń tan iná sí loon lójú lóru, wọ́n á fi àwọ̀n gbé e, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gé ìyẹ́, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé ọmọ tí àwọn tí mẹ́kúrì pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn tọ́ dàgbà fi ìdá 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tí mẹ́kúrì kò pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn.

Ní 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin kí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá dín mẹ́kúrì tí wọ́n ń tú jáde kù. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nínú ẹrẹ̀ kò tíì lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ní agbègbè Adirondack fún ọmọdé àti obìnrin tó ṣì lè bímọ pé kí wọ́n má jẹ àwọn ẹja adágún kan tó ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí o bá ní ẹbí níbẹ̀ tó fẹ́ràn ẹja pípa, sọ fún un pé inú ẹran ẹja gan-an ni mẹ́kúrì wà. Bó sè é, bó dín in, bó yan án, kò ní jáde.